Bọ́ọ̀lù Àkọ́so Jésùfẹ́mi

                                                  Ojúlé Kọkànlá,
                                                  Nítòsí Becontree Heath,
                                                  Dagenham, Lọ́ńdọ̀nù.
                                                  Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Fọlákẹ́ mi, ọ̀rẹ́ àtìgbà ọmọge,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn ilé yín láìdúró sinmi lágbedeméjì? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́, àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí o ní ó fi ojú jọ bàbá rẹ? Ṣé òjò ti ń dáwọ́ dúró ní Ìpẹru? Níbí, ìkùukùu ló ń jí wa. Tí mo bá ṣí kọ́tìnnì láàárọ̀, n kì í rí ilé òdìkejì. Ńṣe ni gbogbo àdúgbò ń dà bí ohun tí èèyàn ń rántí, tí kò fojú rí. Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Wùnmí ọmọ mi náà wà, ó ní kí n kí ọ dáadáa.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí. Tíṣà wa ní kíláàsì àwọn àgbà ní kí n máa kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Nítorí náà, jókòó, gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Ọ̀rọ̀ pọ̀.

O máa rántí Jésùfẹ́mi, ọmọ Wùnmí, tí o gbé jó nígbà tó ṣì ń kọ́ ìrìn. Ilé-ìwé ló bá dé Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n lọ́dún yìí ẹgbẹ́ kan ní ìlú kékeré kan níbẹ̀ gbà á síṣẹ́, wọ́n ń sanwó fún un kó máa gbá béèsìbọ́ọ̀lù. Má rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín tèmi tán. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni gbogbo ọmọ àdúgbò yìí ń gbá, ṣùgbọ́n láti kékeré ni tiwa ti ń fi igi lu bọ́ọ̀lù kọjá òrùlé aládùúgbò, tí màá sì lọ máa tọrọ àforíjì.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà fún ọ. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù líle kan bí ẹni ń sọ òkò, ẹnì kejì á gbé igi dání láti lù ú. Tó bá lù ú dáadáa, á sáré lọ sí igun kìn-ín-ní, á lọ sí ìkejì, á lọ sí ìkẹta, títí á fi padà síbi tó ti gbéra. Ilé ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Fọlákẹ́, eré tó jẹ́ pé gbogbo làálàá inú rẹ̀ kò ju kí èèyàn kúrò nílé kó sì tún délé lọ! Ọjọ́ tí mo gbọ́ èyí ni mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù náà ṣòro lù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù pàápàá ń kùnà ju bó ṣe ń rí i lù lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Wùnmí á tan tẹlifísọ̀n. Ọ̀sán ló jẹ́ lọ́dọ̀ wọn nígbà tí oòrùn tiwa bá ń rọra wọ̀. Pápá wọn tutù yọ̀yọ̀, aṣọ funfun ni Jésùfẹ́mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ̀, wọ́n á dúró káàkiri bí àwa nínú sùtánà nígbà tí a bá ń retí kí wòlíì lanu. Kò sẹ́ni tó ń kánjú. Oorun á gbé mi lọ, tí mo bá jí, wọ́n ṣì wà níbẹ̀, n kò sì ní mọ èwo ni àlá nínú méjèèjì. Àlá kan wà tó máa ń wá nírú àkókò bẹ́ẹ̀: bọ́ọ̀lù funfun kan á gbéra, á máa lọ sókè, gbogbo wa á gbójú sókè, kò ní í wálẹ̀.

Ọdún náà kún fún ohun àrà. Ọ̀kan nínú wọn lu bọ́ọ̀lù fò jáde kúrò ní pápá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo; wọ́n ní ẹ̀kẹta balẹ̀ sórí ọkọ̀ ẹni tó ń ta áísìkiriìmù. Àgbà kan tó máa ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, jù ú láti ìbẹ̀rẹ̀ eré ọjọ́ kan dé òpin láìsí ẹnì kan tó rí i lù dáadáa. Jésùfẹ́mi ní bí iṣẹ́ ìyanu yẹn ṣe ń sún mọ́, kò sẹ́ni tó bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ mọ́, wọn ò tilẹ̀ jókòó tì í.

Ó ní, "Màmá, èèwọ̀ ni. Ẹ ò gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà á títí tó fi máa parí. Serious."

Mo ní kí ló wá kọ́ mi níbẹ̀? Ṣé a máa ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni, àbí a máa ń kéde oyún kó tó hàn? Mo ní kó lọ wádìí dáadáa, ọmọ Rẹ́mọ ló dá eré yẹn sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí fóònù fi já.

Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò rí tirẹ̀ lù. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, á gbé igi, á fì í, afẹ́fẹ́ lásán ló ń lù. Wùnmí kò lè wò ó mọ́. Tó bá ti kan ọmọ rẹ̀, á lọ máa fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Mo ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n fọ abọ́ mi."

Ó wá di ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Karùn-ún. Mo wà lójú oorun díẹ̀. Mo gbọ́ ìró kan, kó! bí ìgbà tí èèyàn bá la igi gbígbẹ. Bọ́ọ̀lù náà fò kọjá lórí wọn, ó balẹ̀ sórí koríko níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí, Jésùfẹ́mi sì ti sáré dé igun kìn-ín-ní, ó dúró síbẹ̀, ó fọwọ́ lé orí bí ẹni tó ṣìnà. Igbe ni mo fi bọnu. Wùnmí sáré jáde pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́.

"Màmá, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú! Ọmọ rẹ ti débẹ̀!"

Wọ́n wá dá eré dúró. Ọ̀kan nínú àwọn alátakò wọn ló ju bọ́ọ̀lù yẹn sọ́dọ̀ àwọn ará ẹgbẹ́ Jésùfẹ́mi. Àṣà wọn ni: ìgbà àkọ́kọ́ tí èèyàn bá lù ú, wọn kì í fi bọ́ọ̀lù yẹn gbá mọ́, tirẹ̀ ni títí ayé.

Kò fi í sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Inú oṣù Kẹfà ni mo gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń pín lẹ́tà, ọmọ náà fi òwú wé e bí ọmọ tuntun. Awọ funfun, òwú pupa tí wọ́n fi rán an yí ká, àti ojú dúdú kan báyìí níbi tí igi ti bà á. Ó ní, "Màmá, ọ̀dọ̀ yín ló máa wà." Mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọkọ mi.

Ibi tí mo ti wá gbọ́n jù rèé. Ìkórè ìjọ wa dé nínú oṣù Keje. Mo rò ó pé, ṣé àkọ́so kọ́ nìyí? Ti Ọlọ́run sì ni àkọ́so. Mo fẹ́ kí Alàgbà gbàdúrà sí i, kí n sì gbé e padà sílé. Mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyin kí ó má baà yí dànù, mo gbé apẹ̀rẹ̀ síwájú pẹpẹ láàárín iṣu àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Wọ́n gbàdúrà, mo ṣe àmín, mo lọ bá wọn gbé ìrẹsì kaná. Fọlákẹ́, gbogbo ohun tó bá dé iwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìkórè, gbọ̀ngàn ni wọ́n ń gbé e lọ láti tà á ní básáà. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Èmi náà mọ̀ ọ́n.

Bùrọ́dá Godswill ló ń tajà. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti kíṣìnnì: "Ẹyin ògòǹgò rèé o! Ẹni tó bá rà á kó má dín in jẹ o, kó sàba lé e!" Gbogbo gbọ̀ngàn ń rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún Wùnmí pé tí a ò bá ṣọ́ ọkùnrin yìí, á ta bàtà Alàgbà. Èmi yìí rẹ́rìn-ín débi pé mo ń fi ìdí aṣọ nujú. Wọ́n ní tí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Nígbà tí mo wá bọ́ọ̀lù mi tì níwájú pẹpẹ, tí mo bi Godswill léèrè, òógùn bò ó. "Ẹ̀ẹ́, Màmá, ẹ dárí jì mí! Mo rò pé nǹkan ìṣeré ni. Gbémi ló rà á fún bàbá ẹ̀."

Bàbá Oyèbánjí ni bàbá Gbémi, Thames View ni wọ́n ń gbé. Ó wa bọ́ọ̀sì ní Barking títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ní Àjíǹde tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì dì pa bí ẹni tó di owó mú. Mo gbéra lọ síbẹ̀, mo ti to ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu. N kò tíì jókòó tí Gbémi fi fà mí lọ sídìí fèrèsé.

"Màmá, ẹ wá wo ọwọ́ Dádì!"

Bọ́ọ̀lù ọmọ mi wà lọ́wọ́ ọ̀tún Bàbá. Ọsibítù ti fún un ní bọ́ọ̀lù rọ́bà kan tẹ́lẹ̀ láti fi kọ́ ọwọ́ náà, ó kọ̀ ọ́, ó ní òun kì í ṣọmọ ọwọ́. Èyí wúwo, ó sì wù ú. Ìka rẹ̀ ń tọ òwú pupa yẹn lẹ́sẹẹsẹ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá ọ̀nà nínú òkùnkùn. Ìka kan ti ń ṣí.

Ó ní, "Ìyá Wùnmí, nǹkan yìí wúwo bí ọ̀rọ̀ àgbà."

Ẹyin lohùn. Mo mu mọ́ọ̀tì tí wọ́n gbé fún mi, mo wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Mo tún lọ lọ́sẹ̀ kejì, mo tún mu mọ́ọ̀tì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ọwọ́ yẹn ń ṣí, ẹnu tèmi ń pa dé.

Nínú oṣù Kẹsàn-án ni Jésùfẹ́mi pè. Eré ọdún náà ti parí, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ní àwọn ò ní í gbà á padà. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni tó wà nínú kànga. "Màmá, bọ́ọ̀lù mi ṣì wà lọ́dọ̀ yín, àbí? Òun nìkan ni mo ní tí mo lè fi hàn pé mo débẹ̀."

Mo ní, "Ó wà níbi tó dára." Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n n kò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Ó délé. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi wo orí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti apẹ̀rẹ̀ ẹyin dé ìdí fèrèsé. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ." Ìkùukùu bo ọ̀nà, bọ́ọ̀sì ń lọ bí ọkọ̀ ojú omi títí a fi dé Thames View. Mo fẹ́ gbàdúrà, n kò mọ ohun tí n bá bèèrè: kí bọ́ọ̀lù padà ni, tàbí kó dúró.

Bí Bàbá ṣe rí i ló bẹ̀rẹ̀. "Ará Amẹ́ríkà rèé? Ó ga bí òpó iná! Wọ́n ní igi lo fi ń lu nǹkan, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo gbé gbogbo Barking kiri láti kékeré wọn, ta ló pàtẹ́wọ́ fún mi?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti dé. Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún sí i. "Wo nǹkan tí Gbémi rà fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. O mọ̀ ọ́n?"

Jésùfẹ́mi gbà á. Ó yí i, ó yí i, títí ó fi kan ojú dúdú yẹn. Àtàǹpàkò rẹ̀ dúró síbẹ̀. Gbémi tí kò mọ nǹkan kan ń da ohun mímu sí ife. Mo di báàgì mi mú.

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá."

Ó kúnlẹ̀, ó dá a padà sínú ọwọ́ yẹn, ó to àwọn ìka rẹ̀: méjì lókè lórí òwú, àtàǹpàkò nísàlẹ̀. "Báyìí la ṣe ń dì í mú. Ẹ jù ú sí mi." Ó lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, ó la ọwọ́ sílẹ̀.

Gbémi ké: "Tẹlifísọ̀n mi o!"

"Ọwọ́ yìí?" Bàbá ní. "Ọwọ́ tí kò tíì lè gbé ife tíì?"

"Ẹ ṣáà jù ú, Bàbá."

Àkọ́kọ́ bọ́ síbi ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìkejì yí wọ abẹ́ tábìlì. Ìkẹta gbéra. Kò ga, Fọlákẹ́, ṣùgbọ́n lójú mi ó pẹ́ lókè bí ti inú àlá mi, mo gbójú sókè, mo ń retí pé kò ní í wálẹ̀. Ó wálẹ̀. Ó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Jésùfẹ́mi, pá! Bàbá ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tó ti ìrìn àjò dé. Gbémi jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Jésùfẹ́mi dìde, ó gbé bọ́ọ̀lù náà lọ, ó fi í sínú ọwọ́ yẹn padà, ó pa á dé mọ́ ọn.

Nínú bọ́ọ̀sì ni mo tó bi í. Mo ní, "Ọmọ mi, bọ́ọ̀lù rẹ ńkọ́?"

Ó ń wo ìkùukùu. Ó ní, "Àṣà wa ni, Màmá. Ẹni tó bá ṣe tirẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, òun ló ni bọ́ọ̀lù." Ó gbé orí lé èjìká mi, ó sùn lọ títí a fi délé.

Ní báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù tí àwọn èèyàn rà lórí fóònù. Bóyá ẹgbẹ́ mìíràn á pè é nígbà tí òtútù bá lọ, bóyá wọn ò ní í pè é. A kì í dárúkọ ẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, á lọ sí Thames View, òun àti Bàbá á máa ju bọ́ọ̀lù síra wọn. Gbémi ti gbé tẹlifísọ̀n rẹ̀ wọ yàrá. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn níbẹ̀ ta ló ni ín tẹ́lẹ̀, ìwọ náà má sọ fún ẹni tó máa sọ.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí Ìyá Ìjọ, kí gbogbo ẹni tó bá ṣì rántí mi ní àdúgbò wa. Fi epo gbígbóná pa orúnkún yẹn, má sì máa dá gun àtẹ̀gùn.

Èmi tí a jọ ru omi, tí n kò sì tíì sọ tìrẹ kalẹ̀,

Ọmọ́ṣọlá