Ẹ̀tù Tí Ẹ Fi Kún Ọta Mi

Kambolé,
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù keje.

Ẹ̀gbọ́n mi Mọ́rúfù,

Àsàláàmù àlékúùmù. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ilé. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà ní àdúgbò Kouloundè, kí ara yín le, kí Sokodé sì tù yín lára. Ìyá wa ló máa ń sọ pé ẹni tó bá ń bínú tí kò kí èèyàn ti sọ ẹjọ́ ara rẹ̀ nù. Mo ti kí yín. Ẹ jẹ́ kí n wá bínú.

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń pè yín. Fóònù yín á dún, á dún, á sì dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ní kí Àlàsàn awakọ̀ fi lé yín lọ́wọ́ fúnra rẹ̀, kó má fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ìbọn yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìbọn àtijọ́ tí bàbá bàbá wa fi sílẹ̀, ọta kan ṣoṣo ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, kátúùsì idẹ tí ẹ̀tù rẹ̀ ń wà nínú rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí à ń jù nù. A ó fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, a ó sá a gbẹ, a ó tún ẹ̀tù dúdú rọ sí i, a ó fi páálí tẹ ẹ̀tù náà mọ́lẹ̀, kí a tó fi ọta òjé dé e lẹ́nu. Nígbà tí ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, kò rí ẹnu kátúùsì mọ́, ẹ̀tù ń dà sórí ẹní. Ẹ̀yin àkọ́bí ni ó kọ́kọ́ pè. Ẹ ní iṣẹ́ arúgbó ni. Èmi ni mo jókòó tì í.

Ẹ̀ẹ̀rùn méjì gbáko ni mo fi kọ́ ọ. Ìdérí kálámù bíìkì tí mo gé ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n ẹ̀tù. Gbogbo rẹ̀ ni mo kọ sínú ìwé kàyé tó ṣẹ́kù nígbà tí mo kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì: iye ẹ̀tù, irú páálí, bí ìda oyin àti òrí tí mo fi ra ọta lára ṣe pọ̀ tó. Bí mo bá yí ohun kan padà, n kì í fọwọ́ kan ìkejì. Àzízì, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ké kéú lórí ẹní kan, ni ó ń bá wa yìn ín sí bébà àpò sìmẹ́ǹtì tí a lẹ̀ mọ́ ògán, ní ọgọ́rin ìṣísẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ọta ń fọ́n káàkiri bí ewúrẹ́ tí òjò lé. Nígbà tó yá, ihò márùn-ún ni àtẹ́lẹwọ́ mi nìkan lè bò. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹ̀tù kò fẹ́ púpọ̀, dọ́gbadọ́gba ló fẹ́. Mo sọ ọ́ fún yín lójú yín lọ́jọ́ Iléyá. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, “Ìbọn Bàbá ń sín bí arúgbó. Ìbọn ọkùnrin gbọ́dọ̀ ké.”

Ẹ padà sí Sokodé ní ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́rú, àwọn àgbẹ̀ abúlé Goubi wá sílé pé ìmàdò ti hú iṣu ilé mẹ́ta tán. Bàbá gbé ìbọn fún Àzízì, èmi sì kó ọta mẹ́wàá sínú àpò rẹ̀. Ọta tí mo fi ọwọ́ mi dì. Ohun tí mo rò nìyẹn.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì ni ó rí wọn. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ìmàdò kan ṣubú. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, ìbọn bẹ́. Irin fọ́ sí i lọ́wọ́ ọ̀tún. Àtàǹpàkò rẹ̀ lọ, ìka ìfábẹ̀lá lọ pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n fi gèlè ìyàwó olóko kan dì í, wọ́n gbé e sáàárín ènìyàn méjì lórí alùpùpù, wọ́n sáré gbé e lọ sí Tchamba. Àwọn tó gbé e ní kò ké. Wọ́n ní ó kàn ń bèèrè pé, “Kí ni mo ṣe? Ṣebí mo nu ọ̀nà ọta kí n tó kì í?” Ó rò pé ẹ̀bi òun ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Títí wọ́n fi gbé e wọ ọsibítù, ẹ̀bi ara rẹ̀ ló ń wá.

Ẹ̀bi tèmi ni àwọn tó kù ń wá. Bàbá Nùrúdíìnì, olórí ọdẹ, pe ìpàdé. Wọ́n ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀, obìnrin kì í fọwọ́ kan ọta. Ọ̀kan nínú wọn bi mí, níwájú bàbá mi, bóyá mo wà nínú nǹkan oṣù mi lọ́jọ́ tí mo dì í. Ojú tì mí débi pé etí mi di. Wọ́n pè yín lórí fóònù, wọ́n sì ṣí ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ẹ̀yin, ọmọ ìyá mi, ẹ dáhùn pé, “Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Ọwọ́ obìnrin kò yẹ ìbọn.”

Ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe nígbà tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni inú ti ń bí mi jù. Ká ní ẹ dákẹ́ ni! Bàbá gba kọ́kọ́rọ́ àpótí tí à ń kó ọta sí lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ mẹ́jọ ni kò jẹ oúnjẹ tí mo sè.

Nígbà tí Àzízì délé láti Tchamba, mo lọ kí i, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní àpò ọta náà. Mẹ́jọ ló kù níbẹ̀. Mo kó wọn síta sínú oòrùn. Mẹ́fà ní ìda oyin pupa lẹ́nu, bí mo ṣe ń ṣe é. Àwọn méjì yòókù, ìda ẹnu wọn funfun. Àbẹ́là ni. Èmi ò lo àbẹ́là rí.

Mo pe àwọn àgbà padà. Mo bẹ Sèínábù tó ń ta góòlù ní Tchamba, ó gbé òṣùwọ̀n kékeré rẹ̀ wá. A tú ọta lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú wọn. Ẹ̀tù inú mẹ́fà tèmi, òṣùwọ̀n kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Nínú àwọn méjì olójú funfun, nǹkan eléérú kan ń dán lórí ẹ̀tù dúdú mi, irú èyí tó ń wà nínú ọta ìbọn ìgbàlódé. Bàbá Nùrúdíìnì bu díẹ̀ sórí àpáàdì, ó fi ẹ̀yin iná kàn án. Ó bù yẹ̀rì, kò rú èéfín. Ó ní, “Èyí kì í ṣe ẹ̀tù wa. Èyí á fa irin yẹn ya bí aṣọ.”

Ibẹ̀ ni Kùdírátù ìyàwó yín ti dìde. Ẹ má bínú sí i. Ó ní, “Èmi ni ọkọ mi rán ní àbẹ́là lálẹ́ ọjọ́ Iléyá. Ó kó ẹ̀tù wá láti Sokodé, ó mú kọ́kọ́rọ́ àpótí nígbà tí ilé sùn, ó sì bù ú sínú ọta mẹ́ta. Ó ní òun fẹ́ kí ìbọn náà ké dáadáa.”

Bàbá bú sẹ́kún. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi níwájú gbogbo wọn, ó ní, “Ọmọ mi, mo fura sí ọ láìtọ́.” Mo gbà á. Inú ṣì ń bí mi sí òun náà, mo sì ti sọ fún un. Àwọn ọdẹ ní kí n wá máa di ọta fún àwọn. Mo ní n kò ní dì í fún ẹnì kankan, àfi tí ẹni tó bi mí léèrè oṣù mi bá wá bẹ̀ mí ní gbangba. Ó wá. Bàbá Nùrúdíìnì ló fà á wá.

Ó ku ẹ̀yin. Àgbàdo Àzízì ti gbó nínú oko, kò sì lè di àdá mú. Ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń jẹun ló bàjẹ́, ìyàwó rẹ̀ tó wà nínú oyún ló ń fi òkèlè sí i lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́. Ẹ wá ṣa àgbàdo náà. Ẹ wá dìde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí ẹ fi ẹnu yín sọ ohun tí ẹ fi ẹnu yín bò. Èmi kò pè yín ní ìwọ rí láyé mi. Ìgbà mẹ́ta ni mo fa ìwé ya kí n tó lè kọ “ẹ̀yin” síhìn-ín.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín lójú títì Sokodé. Kí Ó fún yín ní ọkàn tí kò ní jẹ́ kí ẹ sùn, títí tí ẹ ó fi rí ọ̀nà wálé. Kí ọ̀nà náà dẹ̀ fún yín. Àmín.

Èmi ni àbúrò yín, tí ẹ fi sílẹ̀ láti ru ẹrù yín,
Fàdílà.

Ọ̀rọ̀ tó yọ sí mi lẹ́yìn tí mo ti kọ orúkọ: Ìyàwó Àzízì bí ọkùnrin láàárọ̀ yìí. Àzízì ní Mọ́rúfù ni òun máa sọ ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo ní kó wá orúkọ mìíràn. Ó kọ̀. Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi ni. Bó bá wá gbé ọmọ lọ́wọ́ mi, á rí ọwọ́ náà.” Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìsọmọlórúkọ.