Àwọn Fáàfù Tí Màmá Harriet Fi Ọṣẹ Fọ̀

Ilé Màmá Harriet,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹwàá, Ọdún 2024.

Títílọlá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, gbogbo yín. Ṣé ara màmá yín ti le? Ẹsẹ̀ bàbá tó ń ro wọ́n ńkọ́? Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló dé tí mi ò fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìwọ náà mọ̀ mí. Ìwé ló máa ń yá mi lára ju ẹnu lọ.

Abẹ́òkúta dára, àfi bíi pé àpáta pọ̀ ju ènìyàn lọ. Oṣù méjì nìyí tí mo dé, kò tíì sẹ́ni tó pe orúkọ mi nínú ilé yìí. "Ọmọ Ìkàrẹ́" ni Màmá Harriet, onílé wa, ń pè mí. Opó ni wọ́n. Rédíógíràmù olóògbé ọkọ wọn, àpótí rédíò àtijọ́ tó tún ń lo àwo orin, wà ní pálọ̀, fáàfù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, àwọn gílóòbù tó máa ń pọ́n kí ohùn tó jáde. Èmi ni mo máa ń nù ún, mo sì ti ka ìwé pélébé inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dákẹ́. Lánàá ni Bọ̀dá Babájídé tó ń tún rédíò ṣe ní Ìtòkú wá. Ó yọ àwọn fáàfù, ó kó wọn lé Màmá lọ́wọ́, ó mi orí.

"Màmá, wọ́n rẹ́ yín jẹ. Èyí ò lórúkọ ilé iṣẹ́ lára, ayédèrú ni. Ẹ wo tèmi, Made in England gàdàgbà! Ẹ jẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀, kẹ́ ẹ fowó díẹ̀ lé e."

"Bàbá Harriet fọwọ́ ara wọn rà á ni," Màmá dáhùn. Omi ti dé ojú wọn, síbẹ̀ wọ́n ń na àwọn fáàfù náà sí i.

Títí, gbọ́ o. Mo mọ ibi tí orúkọ náà lọ! Lọ́dọọdún, kí ọjọ́ ìrántí Bàbá tó pé, Màmá máa ń fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ fáàfù bí ẹni ń fọ ife. Ìṣojú mi ni ti ọdún yìí ṣe.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ lójú wíńdò." Ohùn mi rí bíi ti ẹ̀fọn. Lẹ́tà wíńníwínní wà níbẹ̀, inú dígí gan-an ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, ọṣẹ ò lè fọ̀ ọ́. B ló ṣáájú. Ìwé pélébé inú dúrọ́ọ̀ sọ pé ilé iṣẹ́ Blackburn ní England ni B dúró fún. Ti Bọ̀dá ò ní nǹkan kan nísàlẹ̀, irin inú rẹ̀ ò sì jọ àwòrán inú ìwé.

Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ẹni tó tà á fún mi ti lù mí ní jìbìtì! Màmá, kí lorúkọ ọmọ yìí?"

Màmá yíjú sí mi. Èmi ni mo sọ ọ́ fúnra mi.

Ọṣẹ tó gbẹ mọ́ ẹsẹ̀ fáàfù ló mú un dákẹ́. Bọ̀dá ha á kúrò, ó tò wọ́n padà, rédíógíràmù sì kọrin. Màmá jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bá mi kí gbogbo ilé, má gbàgbé Àánú àbúrò rẹ. Mi ò lè kọ jù báyìí lọ, Màmá Harriet ń kan ilẹ̀kùn mi: "Ìlérí! Tíì ẹ ti ń tutù o!"

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,
Ìlérí