Orin Tí Wọ́n Fi Gbàdúrà

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́. Ṣàngó Ọ̀tà.

Mo ti tẹ orin náà ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí.

Orin òyìnbó àtijọ́ ni. Ẹnu ni wọ́n fi ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹnì kan tó tún un tò fún píánò nìkan. Àtàǹpàkò mi ló ń gbé ohùn olórin, àwọn ìka yòókù sì ń sáré yí i ká. Ojú ìwé kẹta ló le jù. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣì í nílé, tí ìyàwó mi á máa gbọ́ láti kíṣìnì.

Pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, kò gbọ́ ìkéde pé mo fẹ́ tẹ orin àkànṣe. Bó ṣe gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ orin náà jẹ́jẹ́, ó rò pé ti àdúrà ni. Ó gba máìkì.

"Ẹ gbọ́wọ́ sókè, ẹ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀!"

Ni ariwo àdúrà bá sọ. Mi ò dáwọ́ dúró. Ẹnì kan ń tọrọ ọmọ, ẹnì kan ń tọrọ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ irin, bí ojú ìwé kẹta ṣe kọjá nìyẹn. Mo wo ìyàwó mi. Ètè tirẹ̀ náà ń mì. Mi ò bínú, mo kàn rí i.

Lẹ́yìn Àmín, Pásítọ̀ ní, "Ẹ ṣé, Bùrọ̀dá. Ẹ tún bá wa tẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Gààrí la mu nígbà tá a délé.

"Bàbá Tómi, ẹ ò ṣì í lónìí," ni ìyàwó mi wí.

Mo ní ṣebí àdúrà ló ń gbà.

"Kí lẹ rò pé mò ń tọrọ?"