Ọta Mi Kò Fúyẹ́

Harker Bend, Idaho.
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹfà.

Corliss, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú ara líle. Ara tèmi náà le, àfi ọrùn ọwọ́ tó ń ro mí bí ìṣe rẹ̀, àti inú mi tí kò tíì rọ̀ láti ọjọ́ Sátidé.

O ní ìyá ọkọ rẹ sọ fún ọ pé wọ́n lé mi kúrò nínú ìdíje ìbọn ìléwọ́ nítorí pé mo ṣe èrú. Irọ́ ni. Jókòó, kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú ni mo ti ń di ọta fúnra mi lórí tábìlì rẹ̀ nínú gáréèjì. Èmi ni mò ń rọ ẹ̀tù sínú ìkarahun, èmi náà ni mò ń fi ọta dé e lẹ́nu. Ọta fífúyẹ́ olórí rogodo, tó ń sáré, ni bàbá rẹ fẹ́ràn. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ a máa ta ìbọn padà bí ìgbà tí wọ́n gbá èèyàn létí, ọrùn ọwọ́ mi kò sì gbà á mọ́. Nígbà òtútù tó kọjá, mo pinnu láti wá èyí tó wúwo tí kò sáré, nítorí ìyẹn kì í gbáni, títì ló ń tini.

Ìwúwo nìkan kọ́ ni wàhálà. Olórí rogodo a máa ya bébà tí a ń yìnbọn sí jágajàga, tí èèyàn kò fi ní mọ̀ bóyá ó kan ìlà tí wọ́n fi ń ka máàkì tàbí kò kàn án. Olórí pẹlẹbẹ ló ń gé ihò tó mọ́. Mo ra ìyẹn, ìbọn mi kọ̀ ọ́. Orí rẹ̀ fẹ̀ jù, ó ń há kó tó wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pààrọ̀ kí n tó rí èyí tí èjìká rẹ̀ rọra ń tín-ín-rín, tó wá pẹlẹbẹ díẹ̀ ṣóńṣó orí. Ìwúwo rẹ̀, ní gíréènì tí a fi ń wọn ọta, jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́jọ. Ó wọlé wẹ́rẹ́, ó gé bébà dáadáa, ọwọ́ mi kò sì wú lọ́jọ́ kejì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Nínú ìdíje wa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ di ọta tó rọ̀ jù kí yíyìn rẹ̀ lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nítorí náà olúkúlùkù á kọ ìwúwo ọta rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á wọn ọta, wọ́n á wọn eré rẹ̀, wọ́n á fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Iye tó bá jáde kò gbọdọ̀ kéré sí ti òfin. Burdell Yost, alága ẹgbẹ́ wa, ló wà nídìí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ Sátidé náà. Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ló gbé e kà nínú atẹ́gùn. Ó yọ ọta kan nínú tèmi, ó gbé e lé e. Gíréènì mọ́kànlélàádóje.

Ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu níwájú ọgọ́ta èèyàn. Ó ní, "Idella Rasband ti jáde. Ọta ẹ̀ fúyẹ́ ju ohun tó kọ sílẹ̀ lọ. A ò gba èrú níbí." Burdell tí mo kọ́ ní ìwé kíkà ní kíláàsì kejì.

Mo ní, "Burdell, òṣùwọ̀n ẹ ló ń purọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mà, ẹ̀rọ kì í purọ́. Ọjọ́ orí ni. Ẹ lè ti ṣi páálí mú."

Nola Pruitt, ọ̀rẹ́ mi tó ti ṣe apòògùn rí, kò bá a jiyàn. Ó mú ìwé tí Burdell ń kọ nǹkan sí, ó kà á. Ọta ọkùnrin mẹ́ta tó ṣáájú mi fi gíréènì mẹ́rìndínlógún dín sí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, gẹ́lẹ́ bíi tèmi. Burdell ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síwájú orúkọ wọn pé, "Atẹ́gùn ni." Ó sì jẹ́ kí wọ́n kọjá.

Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Tó bá jẹ́ ti ọkùnrin, atẹ́gùn ni. Tó bá jẹ́ ti opó ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, èrú ni.

Nola mú irin ìdánwò jáde nínú àpótí mi, irin kékeré tí wọ́n rọ ní gíréènì ọgọ́rùn-ún géérégé. Òṣùwọ̀n Burdell pè é ní mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Burdell sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ó ti tán, Mà. Mo ti dá orúkọ yín padà. Ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀."

Mo ní, "Gbohùngbohùn lo fi pè mí ní ẹlẹ́rùú. Etí lo wá fẹ́ ti bẹ̀ mí?"

Ó ní ọjọ́ ti ń lọ, òun ò lè dá ìdíje dúró nítorí ọ̀rọ̀ kékeré.

Mo dúró di ìgbà tí gbogbo ìbọn wà nínú àpò ìgbànú, tí a ń lọ lẹ bébà tuntun. Mo gbé àga mi dání, mo jókòó sáàárín àwọn bébà náà, mo sì ní mi ò padà àfi tó bá fi gbohùngbohùn sọ pé mi ò ṣe èrú. O mọ òfin pápá: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn nígbà tí èèyàn bá wà níwájú. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi jókòó nínú oòrùn. Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Burdell, sọ ọ́ fún wọn, ebi ń pa wá." Òmíràn ní, "Sọ ọ́ torí tèmi náà, mo wà nínú àwọn tí atẹ́gùn gbé." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Níkẹyìn, Burdell gbé gbohùngbohùn. Ohùn rẹ̀ kò le. "Òṣùwọ̀n mi ló ṣì. Ọta Ìyáàfin Rasband pé. Wọn ò ṣe èrú. Mo tọrọ àforíjì." Mo ní kó tún un sọ, nítorí àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́. Ó tún un sọ. Ìgbà náà ni mo dìde. Mo yin tèmi, mo sì gbé ipò kọkànlá.

Kò tíì tán nínú mi. Nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ tó jáde lánàá, ó kọ ọ́ pé "àìgbọ́ra-ẹni-yé díẹ̀" ló ṣẹlẹ̀. Mi ò ní fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún un. Mo ti ń gba ìbuwọ́lùwé kiri pé èèyàn méjì ni kó máa dúró ti òṣùwọ̀n láti ìsinsìnyí lọ. Mo ti rí mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ tí kì í ṣe tìrẹ pè ọ́. Bí wọ́n bá sì pè ọ́, á fún ọ ní ẹnu tí wàá fi dáhùn, àti ọ̀rẹ́ tí kì í bẹ̀rù. Àwọn ọmọ á dàgbà lójú yín.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Idella Rasband.

Mo gbàgbé èyí: ìyàwó Burdell pè mí lórí fóònù láàárọ̀ yìí. Mo rò pé ìjà ló bá wá. Ó ní ó ti pé ọdún méjì tí ọrùn ọwọ́ òun náà ti ń ro òun, ọta fífúyẹ́ sì ni ọkọ òun ń dì fún òun. Bí òun bá ráhùn, á ní òun ò mọ ìbọn-ọ́n mú ni. Ó béèrè irú orí àti ìwúwo tí mò ń lò. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì ní kó wá bá mi ní gáréèjì lọ́jọ́rú.