Ojú Irin Lẹ́bàá Adágún Ẹja

Bàbá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ẹ̀yìnkùlé mi ní District Heights, ní Amẹ́ríkà níbí. Orúnkún mi wà nílẹ̀ lóòótọ́ o, kì í ṣe ti orí ìwé lásán, nítorí orí koríko ni mo wà, erùpẹ̀ sì kún èékánná mi. Bí ẹ bá rí mi báyìí, ẹ óò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ẹ óò béèrè ohun tí obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ń wá nínú ẹrẹ̀.

Ojú irin ni mò ń ṣe, Bàbá. Ojú irin kékeré, tí ọkọ̀ orí rẹ̀ kò tóbi ju bàtà yín lọ. Oṣù Kejìlá tó kọjá ni mo rí irú rẹ̀ nínú ọgbà òdòdó kan ní Washington, ọkọ̀ kékeré tó ń gba abẹ́ ewé kọjá, tó ń fun fèrè. Mo dúró síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ mi fi kú fún òtútù. Ọkọ mi rò pé òdòdó ni mò ń wò.

Ẹni tó ta ilé yìí fún wa ti gbẹ́ adágún ẹja kan sí ìsàlẹ̀ àgbàlá, ẹja pupa márùn-ún ló wà níbẹ̀. Òkè adágún náà ni koríko ọkọ mi wà. Mo pè é bẹ́ẹ̀ nítorí òun ló ń gé e ní gbogbo Sátidé, bí ẹni ń gé irun fún ọmọ, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ tí òjò bá ti rọ̀. Gbogbo ìgbà òtútù la fi fa ọ̀rọ̀ náà lórí tábìlì ìjẹun. Mo ya àwòrán sórí bébà: ojú irin yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá àtẹ̀gùn ilé, yóò gba etí koríko lọ, yóò yí adágún ká, yóò gun afárá pákó kan, yóò sì padà sílé. Ọkọ mi mú pẹ́ńsùlù, ó sún ojú irin kúrò lórí koríko rẹ̀. Mo sún un padà. Níkẹyìn ó fún mi ní ẹsẹ̀ bàtà kan ní etí koríko náà, ó ní kí n má kọjá ibẹ̀.

Ẹsẹ̀ bàtà kan yẹn ló kó bá mi. Ó di dandan kí irin gba àárín koríko àti adágún, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo rán ọkọ̀ lọ, lẹ́yìn òjò, irin ti rì ní apá kan. Ọkọ̀ náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì kó sínú omi tòun ti ọkọ̀ ẹrù méjì tí mo so mọ́ ọn nídìí. Àwọn ẹja sá lọ sábẹ́ ewé. Koríko rẹ̀ ni ọkọ mi ń wò.

Ìgbà náà ni ọwọ́ mi rántí ohun tí ẹnu mi ti sẹ́. Mo tú irin ibẹ̀ sílẹ̀, mo ha ẹrẹ̀ kúrò, mo da òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Mo mú ṣíbí onígi méjì, mo sì ń fi ìdí wọn gún òkúta náà wọ abẹ́ àwọn pákó kéékèèké tí irin jókòó lé, láti ọ̀tún àti láti òsì lẹ́ẹ̀kan náà, kí òkúta má bàa sá lọ sí òdìkejì. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo gbé oúnjẹ ọ̀sán yín wá sí ojú irin ní Ìkìrun, ẹ sì jẹ́ kí n fi ọ̀pá irin gún abẹ́ pákó kan ṣoṣo. Ẹ ní pákó yẹn di tèmi. Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ bá ti Ọ̀fà bọ̀, mo máa ń dúró gbọ́ ọ, mo máa ń rò pé mo mọ ìgbà tó gun orí pákó tèmi.

Nígbà tí mo gún un tán, mo dojú bolẹ̀, mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé erùpẹ̀, mo di ojú kan, mo fi èkejì wo irin náà lọ títí, bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Mísítà Hẹ́nrì, aládùúgbò wa, dúró lẹ́yìn fẹ́ǹsì, ó ń wò mí. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi tún ojú irin ṣe lábẹ́ ilẹ̀ Washington, kò sì sí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Hámà rẹ̀ ló gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀, níbi tí ẹlòmíràn ń gbé àwòrán ìgbéyàwó kọ́ sí.

Ó béèrè ẹni tó kọ́ mi. Mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ọ̀gá tẹ́ṣàn reluwé ni bàbá mi. Ó mi orí.

“Ọ̀gá tẹ́ṣàn kì í gbé ojú lélẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn,” ló wí.

Bàbá, àyè nìyẹn. Ó là sílẹ̀ fún mi gbayawu. Mo sì tún parọ́. Mo ní mo máa ń wo àwọn lébìrà kan tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọ́fíìsì bàbá mi ni. Ó wò mí díẹ̀, ó ní àwọn lébìrà yẹn mọṣẹ́, ó sì wọlé lọ.

Àwọn lébìrà kan. Ẹ̀yin ni mo pè bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ojú ń tì mí. Kì í sì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo pàdé ọkọ mi ní yunifásítì ní Ìbàdàn, tí oníkálukú ń sọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀, mo sọ yín di ọ̀gá tẹ́ṣàn. Ó bọ́ lẹ́nu mi wẹ́rẹ́. Mo rò pé ibẹ̀ ni yóò parí sí, àfi ìgbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ mi, tí alága wọn dojú kọ yín níwájú gbogbo ènìyàn, tó ní àwọn kí ọ̀gá tẹ́ṣàn Ìkìrun. Ẹ wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ẹ tún fìlà yín ṣe, ẹ sì dáhùn pé ẹ dúpẹ́. Kí ló wà lọ́kàn yín lọ́jọ́ náà? Kí ló dé tí ẹ kò pè mí sí kọ̀rọ̀ rí kí ẹ bá mi wí? Ì bá sàn kí ẹ fọ́ mi létí.

Nítorí irọ́ kan náà ni ẹ kò ṣe fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ yìí. Màmá wá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin, mo ní òtútù kò ní bá àyà yín mu. Àwọn àna mi ń gbé ní Laurel, nítòsí wa níbí, Bàbá. Ẹ̀rù ń bà mí pé bàbá ọkọ mi yóò máa bi yín léèrè nípa iṣẹ́ tẹ́ṣàn. Ìrìn yín pàápàá ń bà mí lẹ́rù, ìgbésẹ̀ kúkúrú tí ẹsẹ̀ yín ti kọ́ láti orí pákó dé orí pákó, tí ẹ ń gbé wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì.

Lẹ́yìn náà ni ìwé ìsìnkú yín. Èmi ni mo kọ ìtàn ìgbésí ayé yín sínú rẹ̀, mo kọ ọ̀gá tẹ́ṣàn síbẹ̀, mo sì fi àwòrán yín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàbá Àlàó, tí ẹ jọ ń ru irin lọ́jọ́ ayé yín, wọ kóòtù kakí reluwé wọn wá láti fi bu ọlá fún yín. Mo lọ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní oòrùn mú, kí wọ́n jọ̀ọ́ bọ́ kóòtù náà. Wọ́n bọ́ ọ. Wọ́n ká a, wọ́n gbé e lé itan títí ìsìn fi parí, ìwé ìsìnkú yín sì wà lórí rẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lé ní ogún ọdún dáadáa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá.

Ọkọ mi ló mú ọjọ́ kan ṣoṣo náà dé, kò sì mọ̀. Ọ̀tunla, tí í ṣe Sátidé, ni àwọn àna mi àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ wá wo ọkọ̀ náà bó ṣe ń rìn. Ó fẹ́ fi inú mi dùn, ó lọ ṣe pátákó kékeré kan fún ilé tẹ́ṣàn kékeré tí mo kọ́ sẹ́bàá ojú irin náà: orúkọ yín, àti pé ọ̀gá tẹ́ṣàn ni yín. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lẹ́tà ara rẹ̀ dára. Mo dúpẹ́, mo bọ́ sí balùwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó.

Lánàá, nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ ní Suitland dé, n kò wọlé. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sídìí fẹ́ǹsì, mo pe Mísítà Hẹ́nrì jáde. Mo ní bàbá mi kì í ṣe ọ̀gá tẹ́ṣàn. Mo ní lébìrà ojú irin ni, òun ló sì kọ́ mi. Mo ti múra sílẹ̀ de ohun tó máa sọ nípa irọ́ mi. Kò sọ ọ́. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti fẹ́ǹsì, ó béèrè orúkọ yín. Ó gbìyànjú láti pè é, ó bà á jẹ́, ó tún un pè. Lẹ́yìn náà ló béèrè bí oníṣẹ́ ṣe ń bi oníṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀.

“Máìlì mélòó ni tiwọn láti tọ́jú?”

N kò mọ̀. Bàbá, n kò mọ̀. Mo mọ bí ojú irin ẹ̀yìnkùlé mi ṣe gùn tó, títí dé ìdajì ẹsẹ̀ bàtà. N kò mọ ibi tí tiyín ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Gbogbo àárọ̀ ìgbà èwe mi ni ẹ jí lọ síbẹ̀, n kò bi yín rí.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó mọ̀ ọ́n. Láàárọ̀ yìí mo pe Bàbá Àlàó. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹni tó ń pè, ọ̀rọ̀ ìwé ìsìnkú yín ni wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀.

“Ṣé ẹ ti tún ìwé yẹn tẹ̀ ni?” ni wọ́n bi mí.

Mo ní rárá, sà. Mo bẹ̀ wọ́n nítorí kóòtù. Wọ́n ní kóòtù ti gbó, kí n fi ìyẹn sílẹ̀.

“Mo ti fi bírò tún tèmi ṣe. Inú Bíbélì mi ló wà. Bàbá ẹ ò ṣe ọ̀gá tẹ́ṣàn rí, wọn ò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó fi àwọn ṣe é.”

 Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè máìlì, ohùn wọn yí padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín fún mi lórí fóònù: láti orí afárá ẹ̀yìn ìlú, kọjá abà ẹlẹ́mu, kọjá ibi tí ilẹ̀ ti máa ń rì tí òjò bá rọ̀, tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gún, títí dé ìdí ìrókò tí àrá pa. Máìlì mẹ́rin. Wọ́n ní ní gbogbo ọdún tí ẹ lò níbẹ̀, ọkọ̀ kankan kò yẹ̀ kúrò lórí irin láàárín máìlì mẹ́rin náà. Tèmi wọ omi lọ́jọ́ kìn-ín-ní.

Mo sọ fún ọkọ mi nírọ̀lẹ́ yìí. Ó jókòó sórí koríko tí kì í jẹ́ ká tẹ̀. Ó bi mí pé kí ni nǹkan mìíràn tí mo ti parọ́ rẹ̀ fún òun. N kò lè bínú sí i. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ tó dán mọ́rán títí di ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń tú pátákó náà kúrò lára ilé tẹ́ṣàn tó ti kàn án mọ́. Ní Sátidé, èmi fúnra mi ni n óò sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀, lẹ́bàá adágún níbẹ̀, kí ọkọ̀ tó gbéra. 

Mo ti wá ìwé ìsìnkú yín jáde. Mo mú bírò. Mo fa ìlà sórí ọ̀gá tẹ́ṣàn, mo kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé lébìrà ojú irin, máìlì mẹ́rin, láti orí afárá dé ìdí ìrókò. Ìkọ̀wé náà kò gún, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Ṣé ẹ rí i kà, Bàbá?

Pẹ̀lú ìfẹ́ tí mo fi pamọ́ pẹ́ jù,
ọmọ yín, tó ni pákó kan ṣoṣo nínú máìlì mẹ́rin yín.