Ojú Onírùngbọ̀n Tí A Jọ Tẹ̀

Ọmọ mi obìnrin, àkọ́bí mi,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé ò ń jẹun? Ṣé ò ń sùn? Àwa wà níbí, a dúpẹ́, ìyá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ mi náà ti gbádùn, abẹ́rẹ́ ló kán sínú rẹ̀. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ jáde, yóò máa ṣọ́ ọ wọlé.

Bébà ni mo fi kọ èyí, mo fi rán awakọ̀, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kéde èsì ìbò ni o ti pa fóònù rẹ. Ìyá rẹ ń pè ọ́ láàárọ̀, ó ń pè ọ́ lọ́sàn-án, obìnrin kan ló sì ń dá a lóhùn pé o kò sí ní àrọ́wọ́tó. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá rẹ bẹ obìnrin náà pé kó jọ̀ọ́ kó lọ wò ọ́ ní yàrá, kó rọra kan ilẹ̀kùn. Kò tilẹ̀ gbọ́ ọ parí tó fi gé e. Ìyá rẹ ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé.

A gbọ́ pé ìbò méje péré ni onírùngbọ̀n fi borí rẹ. Mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ lórí méje yẹn, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí o sọ fún wa pé o fẹ́ du ipò nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò íńtánẹ́ẹ̀tì, mo rò pé o fẹ́ fi ilé iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ ni, ilé iṣẹ́ tí o fi ọwọ́ ara rẹ dá sílẹ̀, tó ń ṣe ètò orí fóònù tí àwọn aláìsàn fi ń gba àyè lọ́dọ̀ dókítà. O ní rárá, ìgbìmọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ oṣù. Mo bi ọ́ bóyá àwọn ni wọ́n ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí o bá wa bu díẹ̀ wá sí ẹ̀yìn òkè. O rẹ́rìn-ín. O ní ohun tí ò ń jà fún ni pé kí kálukú lè máa ka ohun tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní èdè tirẹ̀, àti pé onírùngbọ̀n tí ẹ jọ ń du ipò náà ní ìyẹn lè dúró ná. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti fẹ́ràn ọkùnrin náà. Mo sọ fún gbogbo oníbàárà mi pé irun tó pọ̀ tó báyẹn, ó ní ohun tó ń fi pa mọ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbà.

O fi orúkọ àwa mẹ́rin sílẹ̀ ká lè dìbò: èmi, ìyá rẹ, àǹtí rẹ onídìrí, àti káfíńtà tí ìsọ̀ rẹ̀ kangun sí tèmi. Lọ́jọ́ ìbò a pé jọ sí ìsọ̀ mi, mo ti lọ aṣọ mi kí wọ́n tó dé. Mo bèèrè ibi tí àpótí ìbò wà, káfíńtà ní ká ní wọ́n sọ fún òun ni, òun ì bá ti kan ọ̀kan. Fóònù wá bèèrè nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ní kò kàn án, ìwọ fúnra rẹ lo ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. A fà á títí, àǹtí rẹ ní fóònù kan náà ló gba nọ́ńbà ọ̀hún wọlé, ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ni mo bá tẹ̀ ẹ́ sí i.

Àwòrán méjì yọ, tìrẹ àti ti onírùngbọ̀n, pẹ̀lú àkọlé gígùn ní èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè kà. Ṣùgbọ́n mo mọ nǹkan kan lórí fóònù: bí mo bá fẹ́ pa àwòrán rẹ́, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi lọ. Mo ní ká tẹ onírùngbọ̀n kó kúrò níbẹ̀, kó ku ìwọ nìkan. Mo tẹ ojú rẹ̀, ó sì lọ lóòótọ́. Ìyá rẹ tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù tirẹ̀, àǹtí rẹ tẹ̀ ẹ́, káfíńtà fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń pa ìdun. A kí ara wa kú iṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wá gba ṣòkòtò rẹ̀, mo sì ròyìn fún un. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní ẹni tí a bá tẹ̀ ni a dìbò fún. Mo ní kò burú, àwa mẹ́rin kò kúkú tó méje. Ó gba ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ mi, ó ṣe ìṣirò sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ: bí a bá yọ mẹ́rin lára ti onírùngbọ̀n, ká fi mẹ́rin náà kún tìrẹ, ìwọ ni ì bá fi ìbò kan wọlé. Ọmọ mi, mo jókòó. Ìyá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì, bí ẹni pé òun kò tẹ̀ ẹ́.

Tíṣà ló ní ká yéé banú jẹ́. Ó ní ká ní wọ́n kọ ọ́ ní èdè wa ni, a kò ní ṣì í tẹ̀, ohun tí ò ń bá wọn sọ gan-an nìyẹn. A jọ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ní èdè wa, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀, a kò ní kí wọ́n tún ìbò dì, tíṣà sì fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ náà. Lánàá, onírùngbọ̀n fúnra rẹ̀ fèsì. Ó ní òun ní láti wá ẹni tó kà á fún òun, òun rẹ́rìn-ín dé ìdajì, ẹ̀rín náà wá kú mọ́ òun lẹ́nu. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun ní kó dúró ná yẹn ni òun yóò kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, ìwọ ni òun sì fẹ́ kó wá darí rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò rí ọ bá sọ̀rọ̀.

Jọ̀ọ́, dárí jì wá. Tan fóònù rẹ, kí o pe ọkùnrin náà kí o tó pe èmi. Lẹ́yìn náà, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí èmi àti ìyá rẹ, ká wá bẹ̀ ọ́ lójúkojú. Ti àlọ nìkan ti tó, nítorí a ó wà lọ́dọ̀ rẹ títí inú rẹ yóò fi yọ́. Ìyá rẹ ti di ẹrù.

Ọlọ́run yóò gbé ọ ga. Èyí tí ọwọ́ wa bà jẹ́, ọwọ́ tìrẹ ni yóò tún un ṣe, kò sì ní rẹ̀ ọ́ níbẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.