Owó Yàrá Tí A Ò Sùn

Màámi mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú, ẹ kú ìfaradà. Mo kúnlẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ o, bí ẹ ò tiẹ̀ rí mi. Bùọ̀dá Wàídì, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ ó ka lẹ́tà yìí sí Màámi létí, ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibi tí mo bá ti dárúkọ yín. Ìyàwó Bùọ̀dá, ẹ kú ìtọ́jú Màámi, Ọlọ́hun á bá mi san án fún yín.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ẹ sì mọ̀. Inú fóònù ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí sí, ọmọbìnrin kan ní àsàlátù wa ló ń bá mi kọ ọ́. Òun ló ní kí n jẹ́ kí wọ́n gbé e jáde, kí àwọn ìyá yòókù tó ní ọmọ níbí lè gbọ́. Mo ní kí wọ́n gbé e. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi ti ju ẹ̀rù lọ.

Bùọ̀dá Wàídì, ẹ pè mí ní Alàmísì tó kọjá. Ẹ ní igi tí ọmọ mi fi ń gbá bọ́ọ̀lù ṣe pàtàkì sí mi ju ojú ìyá tó bí mi lọ. Ẹ ní èmi ń jẹ dọ́là, Màámi ń fọwọ́ wá ògiri kí wọ́n tó dé ilé ìwẹ̀. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́ sà, mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí owó iṣẹ́ abẹ ojú Màámi gbà lọ, kí gbogbo ilé gbọ́ ọ.

Mount Hope tí mo wà ní Àmẹ́ríkà yìí, ilé lórí ilé ni. Òtútù ti lọ, ooru ti dé, wọn ò sì tíì tún fèrèsé mi ṣe. Ilẹ̀kùn mẹ́fà ló dojú kọ ara wọn ní òkè tí à ń gbé, ẹnì kan ṣoṣo ló ń dá mi lóhùn tí mo bá kí i. Láti ìgbà tí bàbá Àbẹ̀kẹ́ ti lọ sí Texas tí kò gbé fóònù mọ́, èmi àti ọmọ nìkan ni. Màmá arúgbó kan ni mo ń tọ́jú ní St. Albans, ọkọ̀ ojú irin méjì àti bọ́ọ̀sì kan kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo máa ń wẹ̀ fún wọn, mo máa ń fún wọn lóúnjẹ, mo sì máa ń kán oògùn sí wọn lójú. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ojú ìyá oníyàá ni mo ń kán oògùn sí láràárọ̀.

Màámi, Àbẹ̀kẹ́ ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ rántí oko ìrẹsì l'Ọ́fàdà nígbà tí mo kéré? Tí ẹ̀gà bá ti bò ó, ẹ ó ṣa òkúta, ẹyẹ tí ẹ bá fojú sùn, òun ló máa já bọ́. Àwọn ọkùnrin oko ń pè yín ní Ìyá Oníbọn. Ọwọ́ yẹn ti dé Àmẹ́ríkà. Eré kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní besibọ́ọ̀lù, kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ o. Bọ́ọ̀lù kékeré kan ni, ó le bí òkúta. Ọmọ kan á jù ú, ọmọ kejì á dúró pẹ̀lú igi láti gbá a. Tí Àbẹ̀kẹ́ bá jù ú, wọn kì í rí i gbá.

Pápá tó wà lẹ́yìn ilé wa ló ti ń ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ àdúgbò, ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ ni kóòṣì kan ti rí i. Ọkùnrin náà ní tíìmù ọmọdé tó ń rìnrìn àjò lọ díje. Ó ní ọwọ́ ọmọ yìí lè sanwó yunifásítì fún un lọ́la. Màámi, èmi tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì nítorí owó ìwé, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ó fún mi ní pépà kí n fọwọ́ sí. Mi ò lè kà á, ojú sì tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀. Mo wo ojú ẹ̀ dípò pépà. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo fọwọ́ sí i.

Mo rò pé owó tíìmù ni gbogbo ẹ̀, mo ń san án díẹ̀díẹ̀. Aṣọ tún dé, oríṣi méjì. Igi tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù olówó pọ́ọ́kú, wọ́n ní kò ní àmì tí àwọn tó ń ṣètò ìdíje fẹ́ lára, kí n lọ ra òmíràn. Bùọ̀dá, igi tí ẹ fi bú mi nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rà á. Tí íméèlì wọn bá ti wọlé, mo máa ń rò pé tí mi ò bá san án, wọ́n á pe ọlọ́pàá sí mi. Àwọn òbí yòókù á kàn tẹ fóònù wọn, wọ́n á máa mu kọfí lọ. Mo máa ń wò wọ́n. Mo mọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tó bá ń san án, mo sì mọ ẹni tó ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó tẹ̀ ẹ́. Àwa tí a ń yíjú, a ò kéré.

Oṣù tó kọjá, wọ́n ní ìdíje wà ní New Jersey, a máa sun òru méjì ní hòtẹ́ẹ̀lì. Hòtẹ́ẹ̀lì kẹ̀? Ẹ rántí Àǹtí Síkírà, ọmọ àbúrò bàbá wa. Ilé wọn ò jìnnà sí pápá yẹn rárá. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní tí àwọn bá gbọ́ pé mo sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì ní ìlú tí àwọn wà, àwọn á fẹjọ́ mi sun Màámi, àwọn á sì gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi. Ẹ mọ ẹnu wọn. Bí ẹ ṣe tọ́ wa náà nìyẹn. Ẹni tó lẹ́bí ní ìlú, tó wá lọ sanwó ibi tó máa sùn, ó bú ẹbí ẹ̀ ni. Mi ò sọ fún ẹnì kankan nínú tíìmù. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Àǹtí se ìrẹsì kúlà kan gbáko fún gbogbo tíìmù, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ọkọ wọn gbé wa dé ẹnu géètì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́wọ́ mi kí n tó wọlé wo ọmọ tí mo bí. Bùọ̀dá, ẹ tún ibẹ̀ kà. Ọkùnrin géètì wá rí kúlà, ó ní a ò gbọ́dọ̀ gbé oúnjẹ wọlé, wọ́n ń tà á nínú. Ọkọ Àǹtí bi í bóyá ó ń bẹ̀rù pé ìrẹsì á gbá bọ́ọ̀lù ju àwọn ọmọ lọ ni. Kò rẹ́rìn-ín. Kúlà padà sílé.

Eré bẹ̀rẹ̀, wọn ò pe Àbẹ̀kẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú aṣọ tí mo lọ̀, ó ń fi bàtà ya ilẹ̀. Mo rò pé ó ṣẹ ẹnì kan ni. Kóòṣì wá bá mi lẹ́bàá wáyà tó yí pápá ká. Ó ní orúkọ wa ò sí nínú ìwé hòtẹ́ẹ̀lì. Ó ní òfin ìdíje ni, ẹbí tí kò bá gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì tí àwọn tó ń ṣètò ìdíje yàn, ọmọ wọn ò ní gbá bọ́ọ̀lù. Ó ní ó wà nínú pépà tí mo fọwọ́ sí. Mo ní a ti rí ibi sùn, ọ̀dọ̀ ẹbí mi ni. Ó ní òun kọ́ ló ṣòfin. Mo wá bi í pé tí mo bá sanwó yàrá náà báyìí, tí mi ò sì sùn níbẹ̀ ńkọ́? Ó ní ìyẹn dáa.

Màámi, ó ní ìyẹn dáa! Ibi tí ọmọ sùn ò kàn wọ́n. Owó yàrá ni wọ́n ń wá.

Irinwó dọ́là ni. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló wà nínú àkáǹtì mi, owó ojú yín ni, mo fẹ́ fi ránṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Gbogbo òbí ń wò mí. Irú èmi yìí kì í pariwo níbí, ẹ ò mọ ẹni tó ń gbọ́. Mo wo Àbẹ̀kẹ́. Kò sunkún. Ká ní ó sunkún ni, bóyá mi ò bá má san án. Mo san án.

Ó wọlé. Ọmọ mẹ́ta tò tẹ̀lé ara wọn, kò sí èyí tó rí igi fi kan bọ́ọ̀lù ẹ̀. Wọ́n ń pariwo Abby! Abby!, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn. Èmi náà pariwo. Mo fi fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ sílé, ẹ ní kí wọ́n tún un gbé sí i. Ẹ ní ẹ gbọ́ bó ṣe dún, pàá, bí òkúta tó ba ẹ̀gà. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ ò rí i. Mo fi owó ojú yín ra ohun tí ojú yín ò lè rí.

Ìyá Kámílà, tí ọmọ tiẹ̀ náà wà nínú tíìmù, ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ará Dominican ni, ó ń tún yàrá ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì kan láàárín ìlú. Gẹ̀ẹ́sì èmi àti òun, ká máa fọwọ́ júwe ni. Ó ní kí n nu ojú mi, ó ní nínú owó yàrá kọ̀ọ̀kan tí a bá san, àwọn tó ń ṣètò ìdíje ń mú tiwọn. Ó ní òun tí òun ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní hòtẹ́ẹ̀lì, òun tún ń fi owó ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì sanwó bẹ́ẹ̀dì. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn korò.

Íméèlì mìíràn tún dé. Florida, ọ̀sẹ̀ kan gbáko, pẹ̀lú ọkọ̀ òfúrufú. Jímọ̀ ni kí a san owó àkọ́kọ́. Alàmísì tó ṣáájú Jímọ̀ yẹn ló kàn mí láti kó àjọ tí àwa obìnrin àsàlátù ń dá. Bùọ̀dá, ọjọ́ yẹn lẹ pè mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ìka mi ti wà lórí fóònù, mo fẹ́ san Florida, ni fóònù yín wọlé. Kì í ṣe pé ẹ parọ́ mọ́ mi ló dùn mí. Ẹ ò parọ́ tán ni.

Ní Jímọ̀, mo lọ bá kóòṣì ní pápá. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì mi tó fọ́ sọ ọ́ níwájú gbogbo òbí, pé mi ò lọ Florida, mi ò ní sanwó yàrá tí mi ò sùn mọ́ láé. Mo ní ọmọ tí a bí fúnra wa ni wọ́n ń tà fún wa. Kóòṣì ní kí n fara balẹ̀, àyè Abby máa lọ, irú ọwọ́ yìí kì í wá lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ó ti wá lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ẹni tó kọ́kọ́ ní in wà l'Ọ́fàdà, ẹnì kankan ò gba owó géètì lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó wọ oko ìrẹsì, ojú wọn ló ń fọ́ lọ báyìí. Kò yé e. Ìyá Kámílà pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń yíjú tí wọ́n bá ń sanwó wá wolẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ ní mo ba ayé òun jẹ́. Ó ti padà sí pápá ẹ̀yìn ilé, ó ń ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, kì í dá mi lóhùn dáadáa. Kó máa bínú. Ọmọ oníbìínú ni.

Mo ti fi gbogbo owó àjọ ránṣẹ́. Ìyàwó Bùọ̀dá ni mo fi ránṣẹ́ sí. Bùọ̀dá, ẹ má bínú, ẹ rántí owó páànù tí mo fi rán yín, tí a ò rí páànù lórí ilé. Tíìmù ti kọ̀wé pé mo ṣì jẹ wọ́n ní ìyókù owó ọdún yìí, pé pépà yẹn sọ bẹ́ẹ̀. Tí ẹnì kan bá kanlẹ̀kùn, mo máa ń yọjú wo ẹni náà lójú ihò ilẹ̀kùn kí n tó lè mí. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ má wojú ẹni tó bá gbé pépà wá. Ẹ wá ẹni tó máa kà á fún yín, kódà tí ojú bá ń tì yín.

Màámi, tí dókítà bá ṣí aṣọ kúrò lójú yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi nǹkan mìíràn hàn yín. Kí wọ́n gbé fídíò yẹn síwájú yín. Ẹ wo bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ òsì, ẹ wo bó ṣe ń yí èjìká. Kí ẹ wá pè mí, kí ẹ sọ fún mi bóyá ọwọ́ yín ni.

Ọlọ́hun á la ojú yín, ẹ ò ní fi sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àti àwọn ìyá tí ẹ jọ ń ṣa ìrẹsì. Ẹ má sọ fún Àǹtí Síkírà pé mo sanwó hòtẹ́ẹ̀lì o, wọn ò tíì mọ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Rìsíkátù, ìyá Àbẹ̀kẹ́